Òtútù Kì Í Mú Kámẹ́rà

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà dúró láàárín pápá tí yìnyín ti bò, kò jìnnà sí ojú títì ju ibi tí ọmọdé lè ju òkò dé lọ. Ara rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná, gbogbo ohun tó yí i ká sì funfun láúláú. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, èémí ń rú jáde nímú rẹ̀ bí èéfín. Ó yíjú, ó wò mí, kò sá. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tan iná ìkìlọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí búùtù, mo yọ kámẹ́rà nínú àpò rẹ̀, mo tàn án. Ó là fìrí, ó fi àmì bátìrì pupa hàn mí, ó kú. Mo tún un tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Bátìrì tí mo cháàjì títí ó fi kún bámúbámú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń wí o.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà wò mí tẹ́rùn, ó yí padà, ó sì rìn wọgbó lọ, kò kánjú rárá. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irin àti dígí olówó ńlá lọ́wọ́, ohun tí kò wúlò fún mi lásìkò náà ju òkúta lásán lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti pinnu pé kámẹ́rà mi kò ní máa gbé inú ilé mọ́ nígbà òtútù, inú ọkọ̀ ni yóò máa bá mi lọ. Nígbà ooru, ohun tó bá dára lánàá sábà máa ń dára lónìí náà, ènìyàn lè padà wá. Òtútù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrì tó dì mọ́ ẹ̀ka igi lóru, tó sọ igi gbígbẹ di ohun tó dà bí ẹni fi òwú wé e, kì í pẹ́ tí oòrùn bá kàn án kó tó tán. Kùrukùru tí ń gbéra lórí odò kì í dúró de ẹni tó fẹ́ sáré relé lọ mú kámẹ́rà. Àwọn àárọ̀ kan sì wà tí oòrùn á yọ tòun ti ọmọ oòrùn méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nítorí pé ègé yìnyín pẹlẹbẹ onígun mẹ́fà tí ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní dígírì 22. Mo ti rí i tó dúró bíi wákàtí kan. Mo sì ti rí i tó parẹ́ kí n tó tú bẹ́líìtì ìjókòó mi.

Àwọn kan á ní, fóònù ńkọ́? Mo ní fóònù. Fóònù náà máa ń kú nínú òtútù, ohun kan náà ló sì ń pa á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó wà níbi tí òkò ọmọdé lè dé kò ju kókó pupa kan lọ nínú fọ́tò tí fóònù mi yà.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà tí mo ń ròyìn, ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, o gbé kámẹ́rà sun ìta mọ́jú nínú òtútù tó ń pa ènìyàn, o wá fẹ́ kó jí kó máa bá ọ ṣiṣẹ́." Bọ́lá, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, gbé ojú sókè níbi tó ti ń yàwòrán. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé òtútù máa ń mú kámẹ́rà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mú un gan-an. Mo dáhùn láìronú, bí àgbà ṣe máa ń dá ọmọdé lóhùn. Ìdáhùn yẹn ló sì tì mí sínú àṣìṣe méjì mìíràn.

Ní kùtù ọjọ́ kejì, mo fi súwẹ́tà mi kan tó ti gbó wé kámẹ́rà náà, mo gbé e sórí ìjókòó iwájú, mo sì yí ẹnu hítà sí i. Ká sọ òótọ́, mo tọ́jú rẹ̀ ju ara mi lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbóná ni inú mi ń dùn pé kámẹ́rà mi náà ń yá iná. Ní ọjọ́ kẹta tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo kàn àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó lórí odò kan tí omi rẹ̀ ń rú èéfín láàárọ̀. Mo pàkìn, mo yọ dígí fèrèsé sílẹ̀, mo gbé lẹ́ǹsì gígùn lé etí fèrèsé. Bátìrì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo nǹkan ń lọ geere, mo tẹ̀ ẹ́ bíi ogójì ìgbà. Mo jókòó sínú ooru ọkọ̀, mo ń ya fọ́tò bí ọba.

Nígbà tí mo wò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹyọ kan tó mú. Gbogbo rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí ohun tí ènìyàn ń wò láti inú omi. Mo dá lẹ́ǹsì lẹ́bi. Mo dá ọwọ́ mi lẹ́bi. Mo tilẹ̀ fẹ́ gbé lẹ́ǹsì lọ fún àtúnṣe. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé hítà tí mo fi ń ṣìkẹ́ kámẹ́rà ló bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ọkọ̀ ń tú jáde lójú fèrèsé, ó ń pàdé afẹ́fẹ́ tútù ìta, àwọn méjèèjì ń lọ́ mọ́ra wọn níwájú lẹ́ǹsì gan-an. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti tútù kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Ohun kan náà ni ènìyàn ń rí lórí ọ̀dà títì lọ́sàn-án gangan, tí ọ̀nà á máa gbọ̀n bí omi. Èmi ni mo fi owó epo mi dá ọ̀sán gangan sílẹ̀ lójú fèrèsé, láàárín yìnyín.

Àṣìṣe kẹta ló dùn mí jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ohun tí owó ń rà jẹ́. Mo jáde lọ́jọ́ kan, mo rìn nínú yìnyín bí ìdajì wákàtí, mo ya fọ́tò tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ mi ti kú. Mo sáré padà sínú ọkọ̀ tí mo fi iná rẹ̀ sílẹ̀ títàn, mo ju kámẹ́rà sórí ìjókòó, mo ń fi ọwọ́ ra ara wọn. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, kámẹ́rà ti làágùn. Òógùn bo ojú lẹ́ǹsì, ó bo ojú tí a fi ń wo àwòrán lẹ́yìn rẹ̀, ó bo gbogbo irin rẹ̀. Mo fi etí súwẹ́tà nù ún, ó tún yọ. Mo nù ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ. Nígbà tí mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì, mo rí i pé òógùn wà nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú, láàárín dígí sí dígí, níbi tí aṣọ ìnujú kankan kò lè dé. Ọ̀rinrin tó bá ń pẹ́ níbẹ̀ lemọ́lemọ́ ni í máa di èbu, èbu inú lẹ́ǹsì a sì máa jẹ ohun tí wọ́n fi pa ojú dígí náà.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè Bọ́lá ti padà sí mi lọ́kàn. Ṣé òtútù máa ń mú kámẹ́rà?

Kì í mú un. Èmi ni òtútù ń mú. Mo ń fi ara mi wọn kámẹ́rà, mo sì rò pé ohun tó rọ̀ mí lọ́rùn ni yóò rọ̀ ọ́n lọ́rùn. Èmi tí mo ń ti inú òtútù bọ̀, ooru ni ìtura mi. Ohun tí ń ti inú òtútù bọ̀ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára, ooru òjijì ni ọ̀tá rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá tó móoru ní omi tí a kò fojú rí. Bí yàrá bá wà ní 20°C, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì ohun tí afẹ́fẹ́ náà lè gbà, ohunkóhun tó bá tutù ju bíi 9°C lọ tí a gbé wọlé yóò làágùn. Kámẹ́rà tó ti -15°C bọ̀ kò ní àyè àtisá fún un. Kì í ṣe òógùn tirẹ̀ rárá, òógùn yàrá ni.

Bátìrì ni òtútù ń mú jù. Bátìrì tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, lithium-ion ni, omi kẹ́míkà kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bí òtútù bá ti ń mú un, ìrìn inú rẹ̀ á máa falẹ̀, bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti le. Agbára wà nínú rẹ̀, kò kàn lè tú u jáde kíákíá tó bí kámẹ́rà ṣe ń béèrè ni. Ní -20°C, ohun tí yóò lè fún ọ lè sún mọ́ ìdajì ohun tó yẹ kó fún ọ, bátìrì tó ti gbó a sì máa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà á rí i pé agbára já wálẹ̀, á rò pé ó ti tán, á sì pa ara rẹ̀. Bátìrì ọjọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn, mo fi sínú kámẹ́rà ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà lẹ́yìn tó ti wà lórí tábìlì nínú ilé, ó sì fi hàn mí pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò kú. Ó dì ni.

Ẹni tó ta kámẹ́rà náà fún mi ti fọwọ́ sọ̀yà pé òtútù kankan kò lè ṣe é ní nǹkan, wọ́n ti fi rọ́bà dí gbogbo ojú rẹ̀ pa. Òótọ́ ni pé rọ́bà wà. Rọ́bà ń dí omi àti eruku, kò kan ọ̀rọ̀ òtútù. Ìwé kékeré tó bá kámẹ́rà wá, tí èmi náà kò kà títí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀, sọ pé láti 0°C sí 40°C ni kí n ti lò ó. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Iye fọ́tò tí wọ́n sọ pé bátìrì kan lè yà, inú yàrá tó wà ní nǹkan bíi 23°C ni wọ́n ti kà á. Kámẹ́rà máa ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ 0°C, mo ti lò ó ní -24°C, àmọ́ ìwọ lo ń bá a lọ níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe é.

Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti pín wọn níyà. Kámẹ́rà ń bá ojú ọjọ́ gbé, bátìrì ń bá mi gbé.

Bátìrì méjì ni mo ní. Àpò inú kóòtù mi ni wọ́n ń wà, lápá òsì, níbi tí ara mi ti ń mú wọn móoru, ọ̀kan ní apá kan, ìkejì ní apá kan, kí n má baà ṣi èyí tó tutù mú fún èyí tó gbóná. Bí ọ̀kan bá ti ń rẹ̀wẹ̀sì nínú kámẹ́rà, mo yọ ọ́, mo dá a padà sí àyà mi, mo fi èkejì sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, èyí tó rẹ̀wẹ̀sì náà á ti rí okun díẹ̀ sí i. Mo kì í fi wọ́n sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó irin, nítorí irin lè so ẹnu bátìrì pọ̀, ìyẹn sì léwu. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀: ẹ má ṣe cháàjì bátìrì tó ti dì. Lithium tí ń bọ̀ lákòókò cháàjì nígbà tí bátìrì bá wà nísàlẹ̀ 0°C lè má ráyè wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, á wá di irin lé ara ibẹ̀, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í padà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ móoru dé bí yàrá ṣe móoru.

Kámẹ́rà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó mi, níbi tí afẹ́fẹ́ hítà kì í dé dáadáa, nínú àpò tó ní ìbòrí, kò sí ní dáṣíbọọ̀dù. Dáṣíbọọ̀dù ni ibi tó burú jù nínú ọkọ̀. Hítà ń fẹ́ gbígbóná sí i nísàlẹ̀, oòrùn ń yan án lókè, bí bíréèkì bá sì wá lójijì orí yìnyín, kámẹ́rà á fò bí òkò. Búùtù dára jù fún òtútù rẹ̀, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ tutù bí ìta ṣe tutù, kò sí ohun tí yóò mú un làágùn nígbà tí mo bá gbé e jáde. Àmọ́ búùtù jìnnà, ẹranko sì máa ń sá bí ènìyàn bá ṣílẹ̀kùn méjì. Nítorí náà, bí mo bá mọ̀ pé ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà jẹ́ ọ̀nà oko, mo ń dín hítà kù títí tí màá fi nílò fìlà àti ìbọ̀wọ́ nínú ọkọ̀ ara mi. Ọkọ mi ní àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn sàn jù mí lọ. Kò parọ́.

Bí mo bá rí ohun kan tí mo fẹ́ yà láti inú ọkọ̀, mo pa hítà, mo yọ dígí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ méjèèjì lè dọ́gba, mo sì pa ẹ́ńjìnnì kó má baà máa gbọ̀n mí. Mo dúró bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó le, nítorí ojú á máa wo nǹkan náà, ọwọ́ á máa yún mí, ọkàn á máa sọ pé yóò lọ. Nígbà mìíràn, ó ń lọ. Fọ́tò tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ kò wúlò fún mi ju èyí tí n kò yà lọ, nítorí náà mo ń dúró.

Kí n tó tún wọ inú ooru, yálà ti ọkọ̀ tàbí ti ilé, mo yọ káàdì tí fọ́tò wà lórí rẹ̀ nínú kámẹ́rà níta, kí n lè rí nǹkan wò láìdúró. Mo wá gbé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì sínú ọ̀rá nínípọn tó ṣeé dí lẹ́nu, mo ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo dí i. Òógùn á yọ sára ọ̀rá, kò ní yọ sára kámẹ́rà. Ó di ẹ̀yìn wákàtí méjì kí n tó ṣí i. Ní àwọn alẹ́ tí mo mọ̀ pé màá jáde ní kùtù, mo tilẹ̀ ń fi í sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn tí a kì í tan hítà sí. Inú ọkọ̀ kọ́, nítorí olè náà ń jí ní kùtù. Bí mo bá sì máa fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbi kan lọ́sàn-án, kí n tó débẹ̀ ni mo ti ń gbé e pamọ́ sí búùtù. Ẹni tó bá dé ibi tó fẹ́ pàkìn sí tán kó tó máa gbé ẹrù ẹ̀ ti fi han ẹni tó ń wò ó.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá. Àgbẹ̀ kan wà ní Jericho, ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Wilson Bentley. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1885, kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó so kámẹ́rà mọ́ maikirosíkóòpù, ó sì ya fọ́tò ẹyọ hóró yìnyín kan. Ó lé ní 5,000 tó yà kó tó kú ní ọdún 1931. Inú ahéré tí kò ní iná ló ti ń ṣe é. Ó ń fi ìyẹ́ rọra tẹ hóró yìnyín mọ́ dígí, ó sì ń dá èémí ara rẹ̀ dúró, nítorí èémí kan ṣoṣo tó láti yọ́ gbogbo iṣẹ́ náà. Mo máa ń ronú nípa rẹ̀ nígbà tí mo bá ń rojọ́ pé hítà kò tàn. Herbert Ponting ẹ̀wẹ̀, ayafọ́tò tó bá Captain Scott lọ sí Antarctica nínú ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910, fi ahọ́n kan irin kámẹ́rà rẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ahọ́n lẹ̀ mọ́ irin, awọ orí rẹ̀ sì bó. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni mo ti ń lẹ téèpù aṣọ mọ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń gbé kámẹ́rà dúró.

Àmọ́ Frank Hurley, ayafọ́tò ìrìn-àjò mìíràn sí Antarctica, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Nígbà tí yìnyín fọ́ ọkọ̀ ojú omi Endurance mọ́ wọn lábẹ́ ní ọdún 1915, ó wọnú omi dídì lọ gbé àwọn dígí tí fọ́tò tó ti yà wà lára wọn jáde. Wọn kò lè rù gbogbo rẹ̀. Òun àti ọ̀gá rẹ̀, Shackleton, jókòó sórí yìnyín, wọ́n ń yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tọ́jú nǹkan bíi 120, wọ́n sì fọ́ nǹkan bíi 400 kó má baà tún ọkàn rẹ̀ ro. Kámẹ́rà kékeré kan àti róòlù fíìmù mẹ́ta ló kù sí i lọ́wọ́ fún gbogbo ìrìn tó kù. Róòlù mẹ́ta! Bátìrì tó ń dì ti kọ́ mi ní díẹ̀ nínú ìyẹn. Mo ti pa ojú àwòrán ẹ̀yìn kámẹ́rà, n kì í wo fọ́tò tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà tán. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jẹ bátìrì, nínú òtútù líle ojú náà tilẹ̀ ń lọ́ra bí ẹni tí ń tòògbé. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo wòye, mo tún tẹ̀ ẹ́.

Kí kámẹ́rà wà nítòsí kò tíì túmọ̀ sí pé ó ti ṣe tán. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi pé bátìrì gbóná, lẹ́ǹsì mọ́, ẹyẹ dúró, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nínú yàrá lálẹ́ àná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣí gbaragada. Fọ́tò mẹ́fà àkọ́kọ́ funfun bí ìwé. Látìgbà náà, bí mo bá ti ń gbé e sínú àpò ni mo ti ń tún un tò fún ẹni tí yóò gbé e lẹ́yìn náà, èmi tí yóò máa gbọ̀n, tí yóò máa kánjú. Ojú kámẹ́rà tó ń ṣí fún ìdá 1/500 ìṣẹ́jú àáyá kan, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó, tó ń yan ara rẹ̀, káàdì òfìfo, lẹ́ǹsì tó gùn jù lára rẹ̀. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé ayé kò funfun, kò dúdú, eérú ni. Bí o bá fi yìnyín hàn án, á sọ yìnyín di eérú. Nítorí náà, mo ti sún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè sí +1 tẹ́lẹ̀, bí oòrùn bá ràn lé yìnyín, màá fi kún un. Mo kì í fi ìdérí sórí lẹ́ǹsì nínú àpò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á pariwo. Ìdérí ti gba ẹyẹ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ìgbà òtútù ọdún tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ti mọ́ mi lára. Bọ́lá ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti gbọ́ ìdáhùn tó tọ́ sí ìbéèrè rẹ̀, mo ti bẹ̀bẹ̀ pé èyí àkọ́kọ́ kò pé. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bátìrì náà. Ó máa ń bi mí láàárọ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ ti gbé wọn sáyà?" bí ẹni tí ń béèrè ọmọ titun. Mo máa ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn wọ́n kó lè mọ bí wọ́n ṣe gbóná tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti gbé e dé ilé ìwé, mo wá gba ọ̀nà oko padà. Òtútù náà mú, -19°C ni ọkọ̀ kọ. Bí mo ṣe yọ sí orí òkè, oòrùn wà níwájú mi tòun ti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, òbìrí ìmọ́lẹ̀ kan so wọ́n pọ̀ lókè, òpó ìmọ́lẹ̀ kan sì dìde láàárín rẹ̀ gangan. Nísàlẹ̀, àgbọ̀nrín méje tò lẹ́sẹẹsẹ kọjá lórí yìnyín. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, mo pa hítà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ fèrèsé méjèèjì sílẹ̀. Mo nawọ́ sẹ́yìn ìjókòó, mo gbé kámẹ́rà. Ó tutù, ó gbẹ, kò ní òógùn kankan. Mo kó ọwọ́ bọ àpò àyà mi.

Òfìfo ni. Bátìrì kan ni mo rántí pé mo fi sílẹ̀ lórí cháájà nílé. Èkejì, mo mọ̀ dájú pé mo fi síbẹ̀. Mo wá gbogbo àpò kóòtù, mo wá abẹ́ ìjókòó, mo tú àpò ọwọ́ mi síta. Kò sí.

Mo jókòó. Àgbọ̀nrín méjèèje kọjá tán. Òbìrí náà ṣì wà lókè, ó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń wò ó títí imú mi fi kú.

Nígbà tí mo lọ mú Bọ́lá ní ìrọ̀lẹ́, kò tíì wọ ọkọ̀ tán tó fi ki ọwọ́ bọ abẹ́ súwẹ́tà rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ẹ bọ́ kóòtù sílẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ ń wá kọ́kọ́rọ́, ẹ sì pẹ́. Mo rò pé òtútù á mú un, ni mo bá gbé e sáyà tèmi." Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.